Ohun Tí A Ò Gbọ́ Lórí Àga Ìwàásù ní Augusta

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí tèmi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ tí àwa Onítẹ̀bọmi Yorùbá ṣe ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia níbí, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n tètè ro ẹjọ́ mi: láti alẹ́ Fúráìdé títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, a gbọ́ ìwàásù lórí ìgbéyàwó, lórí ọmọ títọ́, lórí owó, lórí àdúrà òru. Kò sẹ́ni tó gorí àga ìwàásù tó sọ fún wa pé irú ìlú wo la wà.

Augusta mà ni! Bó o bá lọ sí ilé ìwé Baptist rí, tàbí kí wọ́n bí ọ sí ọsibítù Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú yẹn kàn ọ́. Ibẹ̀ làwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà ti kóra jọ ní oṣù karùn-ún ọdún 1845, tí wọ́n dá Southern Baptist Convention sílẹ̀. Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Àwọn ará àríwá ní àwọn ò ní fi ẹni tó bá lẹ́rú nílé ṣe míṣọ́nnárì. Àwọn ará gúúsù ní kò burú, àwọn á dá tàwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló rán míṣọ́nnárì Thomas Jefferson Bowen sí wa, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín ohun méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó kan ló yá wa nílé fún ìpàdé náà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́kọ̀ láti ibẹ̀ dé òpópónà Greene, níbi tí wọ́n ti ṣe ìpàdé ọdún 1845 yẹn. Ilé ìgbà náà ti lọ, òmíràn ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì tó ń kó wa láti òtẹ́ẹ̀lì máa ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Kálukú tẹjú mọ́ fóònù.

Ẹ má rò pé mo wá bu ẹnu àtẹ́ lu ìpàdé o. Ìpàdé náà dùn, ó dùn gan-an! Lálẹ́ Fúráìdé, bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé láti Houston, láti Maryland, láti Chicago, igbe ló ń ta. "Ṣé kì í ṣe ìwọ la jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọkùnrin R.A. ní Òkè-Àdó ni?" "Yéè! O ti sanra!" Àwọn ìyá W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, wọ ańkárá kan náà, gèlè wọn dúró ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀. Kúlà ìrẹsì kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dá orin inú ìwé orin Yorùbá sílẹ̀, tí dùùrù dákẹ́, tí álítò, tẹ́nọ̀ àti báàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó pín in fún wọn, orí mi wú. Ohun tí ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi àti ìdánrawò akọrin fi kọ́ àwọn èèyàn yìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò tíì kúrò lẹ́nu wọn.

Bàbá òyìnbó kan wà tó ń tọ́jú ilé náà, kọ́kọ́rọ́ ń ṣe wóróworo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú àdéhùn pé a máa jáde. Ní aago mẹ́sàn-án, Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní aago mẹ́wàá, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan wo ojú rẹ̀, ó bu ìrẹsì àti itan adìẹ fún un, ó ní, "Ẹ jẹun, sà." Bàbá jẹ ẹ́, ó wá omi, ó tún jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa dé. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí là ń pè ní ìdàpọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ìyẹn wà nínú rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Pásítọ̀ kan, oníwàásù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mú ìwé Fílémónì. Ẹ mọ Onésímù, ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n gbà padà, kì í ṣe bí ẹrú mọ́ bí kò ṣe bí arákùnrin. Mo jókòó dáadáa. Mo ní ó ti dé ibẹ̀ báyìí, ní Augusta yìí, ó máa sọ ọ́. Pásítọ̀ gba ibẹ̀ kọjá wéré. Ó ní Onésímù túmọ̀ sí ẹni tó wúlò, kí kálukú sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "O máa wúlò!" Arákùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi, ó ní mo máa wúlò. Mo ní ẹ ṣeun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò tí wọ́n kọ sínú ìwé pé "Ìtàn Ìjọ Wa". Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fún un. Ẹ ó sì mọ bí ó ṣe máa ń rí: ìwàásù ti kọjá àkókò, ìkéde gùn, wọ́n gba owó ìdáwó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí arákùnrin tó fẹ́ sọ ìtàn náà fi dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, òórùn ìrẹsì ti gba gbogbo ilé. Ó wo aago, ó wo wa. Ó ní, "Bowen ló mú ìhìn rere wá fún wa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù." A pàtẹ́wọ́. Ó jókòó. Mo rí i bó ṣe ká ìwé rẹ̀, ojú ìwé tó pọ̀, padà sínú àpò. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìdí tábìlì oúnjẹ ni mo ti wá gbọ́ ohun tó yẹ ká gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jókòó níwájú mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n wá bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Wọ́n ń tú fọ́ìlì kúrò lára mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń ráhùn pé ta ló fi ewé eéran sílẹ̀ tó ń se mọ́ínmọ́ín nínú irin. Ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú fóònù. Ó dàbí ẹni pé bọ́ọ̀sì tó ń gba òpópónà Greene kọjá kò kọjá lójú tirẹ̀ lásán. Ó gbé orí sókè, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni pé àwọn tó ní ẹrú ló dá ṣọ́ọ̀ṣì wa sílẹ̀?"

Tábìlì dákẹ́. Ẹnì kan ní kí ọmọ náà jẹun. Màmá gbé mọ́ínmọ́ín sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní. "Àwọn ló dá ẹgbẹ́ tó rán míṣọ́nnárì sí wa sílẹ̀. Sún mọ́ mi. Ta ni wọ́n sọ fún ọ pé ó kọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì? Àbí o rò pé Bowen ló ń gbá ìṣó?"

Ọmọ náà ò mọ̀. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà tó wà nídìí tábìlì ò mọ̀. Màmá wá sọ ìtàn James Churchwill Vaughan, aláwọ̀ dúdú, káfíńtà, tí wọ́n bí ní ọdún 1828 ní Camden ní South Carolina, ìpínlẹ̀ tó wà ní òdìkejì odò sí ibi tá a jókòó sí yẹn. Wọn ò bí òun lẹ́rú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Scipio, ti ṣẹrú rí. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé ọmọ Yorùbá ni Scipio, àti pé nígbà tó fẹ́ kú, ó ní káwọn ọmọ òun padà sí Áfíríkà. Vaughan lọ sí Liberia ní ọdún 1853, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi sì gbà á síṣẹ́ káfíńtà wá sílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Ó gbé Ìjàyè nígbà tí Kúrunmí ṣì wà lórí oyè, ogun Ìjàyè bá a níbẹ̀. Ó dé Abẹ́òkúta. Ó parí rẹ̀ sí Èkó, ó ń ta irinṣẹ́ ìkọ́lé, ó là.

"Ó tún wá ṣe kí ni?" Ọmọ náà ti gbàgbé fóònù.

"Ó bá wọn jà," Màmá dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ìjà ọdún 1888 ni wọ́n ń sọ. Ní First Baptist Church ní Èkó, míṣọ́nnárì òyìnbó tó ń darí ìjọ yọ Moses Ladejo Stone, pásítọ̀ dúdú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò fi lọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ jù nínú ọmọ ìjọ bá gbá ara wọn jọ, wọ́n jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, ìyẹn tá a mọ̀ sí Ebenezer lónìí. Vaughan wà lára àwọn aṣíwájú. David Brown Vincent náà wà ńbẹ̀, ẹni tó bọ́ orúkọ òyìnbó yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1894, tó di Mojọlá Agbebi. Nígbà tí apá méjèèjì tún padà kóra jọ ní Ìbàdàn ní ọdún 1914, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di Nigerian Baptist Convention sílẹ̀, Agbebi yìí ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Èyí gan-an ni ohun tí mo ń bá ara mi sọ láti ọjọ́ yẹn. Ìtàn tá a ń sọ fáwọn ọmọ wa, òyìnbó nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀: ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé, a gbà á, àmín. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ní Georgia ti mọ ohun tí òwú àti ẹrú jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọdún 1845 rí lórí fóònù, tí kò sì gbọ́ nípa ọdún 1888 lẹ́nu wa, kí ló fẹ́ rò? Ó máa rò pé a ò mọ̀ ni, tàbí pé a mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dùn wá.

Mi ò sọ pé ká ju Bowen nù o. Ọkùnrin náà ṣòro fi sí ojú kan. Ó ti ṣe sójà rí kó tó di oníwàásù, ó sì wà ní Abẹ́òkúta nígbà tí Dahomey wá gbógun ti ìlú náà ní oṣù kẹta ọdún 1851. Ó jókòó ti èdè wa débi pé Smithsonian, ilé ìmọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní ọdún 1858. Lẹ́yìn tí àìsàn lé e kúrò lọ́dọ̀ wa, ó kọjá sí Brazil, ó ní òun ń lọ fi Yorùbá wàásù fáwọn ẹrú tó ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọmọ Georgia, tí owó àwọn tó lẹ́rú wà nínú ohun tí wọ́n fi rán an níṣẹ́, tó ń wá Yorùbá tó wà lóko ẹrú kiri ní Rio. Kò yọrí. Ní ọdún 1861 ó ti padà sílé. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Milledgeville ló kú sí ní ọdún 1875, ní ìpínlẹ̀ Georgia tá a wà yìí náà. A fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ní Ìwó. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, níbo ni orúkọ Vaughan wà lẹ́nu wa?

Southern Baptist Convention fúnra wọn ti sọ ọ́ jáde. Ní ọdún 1995, nígbà tí wọ́n pé àádọ́jọ ọdún, wọ́n jókòó ní Atlanta, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ẹrú wà nídìí ìdásílẹ̀ wọn, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Àwọn kan ní kò tó. Èmi ò bá wọn jiyàn. Tèmi ni pé bí ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ̀ bá lè sọ ọ́ sórí makirofóònù, kí ló ń ti àwa lójú? Onítẹ̀bọmi ò kúkú ní bíṣọ́ọ̀bù tó máa panu wa mọ́. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, ohun tí àwọn ará Èkó fi jáde ní ọdún 1888 nìyẹn láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè ò gbà wá lákòókò. Wọ́n tẹ àwọn ọmọ mélòó kan bọmi nínú adágún tó wà lẹ́yìn àga ìwàásù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀kan jáde, ó ń rẹ́rìn-ín pé ó dà bí inú báàfù. Àwọn bàbá tí wọ́n tẹ̀ bọmi nínú odò lákòókò ọyẹ́ ní kò tíì rí nǹkan kan. A kí ara wa, a pín ìrẹsì tó ṣẹ́ kù, a túká.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Ohun tí mo béèrè ni wákàtí kan gbáko láàárọ̀ Sátidé, kí oúnjẹ tó dé, kí arákùnrin yẹn rí ìwé rẹ̀ kà tán, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ dé òpópónà Greene kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Àwa tá a ti bá ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ rí mọ ìtumọ̀ ìyẹn, nítorí náà mi ò dúró dè wọ́n. Màmá ti gbà láti bá wa sọ̀rọ̀ lórí ètò yìí kí wọ́n tó padà sílé, ọmọkùnrin yẹn ló sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè, kì í ṣe èmi. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó gbé ní ọgbà míṣọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí, ní Ìwó, ní Èkó, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ má wàásù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.