Iṣẹ́ Tí Ọwọ́ Rẹ Ti Mọ̀

Bíbélì kíkà: Sámúẹ́lì Kìíní 17, ẹsẹ 34 dé 37

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ kú orí ire tí a fi tún rí òwúrọ̀ òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Máfolúkù àti Àjàó Estate, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìró bàálù ti ń kọjá lórí òrùlé yín. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ wa bàálù yára ju ìró lọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Chuck Yeager ni orúkọ rẹ̀. Myra, abúlé kan ní West Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1923. Kò rí yunifásítì lọ. Nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, mẹkáníìkì ni wọ́n fi í ṣe, sípánà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí bàálù gbé e lọ sókè, ńṣe ni ó ń bì. Ẹni tí a ó wá máa pè ní ọ̀gágun lọ́la nìyẹn!

Ìwọ ọmọ mi tí o ń kọ́ṣẹ́ ní Ládípọ̀, tí epo dúdú kò kúrò ní èékánná rẹ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, tí ẹgbẹ́ rẹ sì ti ń ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ìwọ ni mo ń bá wí. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ní Dáfídì kò lè bá Gòláyátì jà, Dáfídì kò fi ìwé ẹ̀rí kankan hàn án. Kìnnìún àti béárì tí ó pa nídìí àgùntàn bàbá rẹ̀ ni ó sọ fún un. Ta ni ó rí i lọ́jọ́ náà? Ọlọ́run nìkan ni.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Yeager. Ó kọ́ bí a ti ń wa bàálù, ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n já bàálù rẹ̀ lulẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará ibẹ̀ gbé e pamọ́, ó gba orí òkè sá lọ sí Sípéènì. Òfin ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sójú ogun mọ́, ó bẹ Ọ̀gágun Eisenhower, olórí àwọn ọmọ ogun wọn, títí ó fi padà. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa wa bàálù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, kí ó mọ̀ bóyá ó ti dára. Ẹni tí ó mọ inú ẹ́ńjìnnì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ibẹ̀ ni ojú Kọ́nẹ́ẹ̀lì Albert Boyd ti bà lé e, tí ó sì yàn án láàárín àwọn tó jù ú lọ nípò àti nínú ìwé, pé òun ni kí ó wa Bell X-1, bàálù tí wọ́n ṣe láti fi wò bóyá ènìyàn lè yára ju ìró lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀rù ni. Kò tíì sí ẹni tí ó wa bàálù yára ju ìró lọ tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ gbọọrọ lójú ọ̀run láìforí sọlẹ̀. Lọ́dún 1946, Geoffrey de Havilland, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kú nínú ọkọ̀ tirẹ̀ nígbà tí ó ń sá eré tó sún mọ́ ti ìró. Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Yeager lọ, ẹṣin gbé e ṣubú, egungun ìhà rẹ̀ méjì kán. Ó fi pamọ́ fún àwọn ọ̀gá. (Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àìsàn pamọ́ o. Ẹ lọ rí dókítà.) Ọwọ́ rẹ̀ kò lè ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jack Ridley, gé igi ìgbálẹ̀ fún un, ìyẹn ló fi tì í. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1947, ó yára ju ìró lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo Ridley. Bí kò bá sí igi ìgbálẹ̀ yẹn, ta ni ìbá gòkè lọ́jọ́ náà?

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣa àwọn tí yóò rìn kọjá sánmà, wọ́n béèrè ìwé yunifásítì. Kò ní. Àmọ́ lọ́dún 1962, òun ni ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn kan lára wọn. Ó di ọ̀gágun lọ́dún 1969, ó fẹ̀yìn tì ní 1975, ó sì pé ọdún 97 kó tó papò dà ní 2020.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ tí O jí wa. Ọjọ́ kan wà ní 1953 tí ọkọ̀ Yeager ń yí gbirigbiri já bọ́ láti òkè réré, ẹsẹ̀ bàtà tó ju 50,000, kí ó tó rí i mú padà. Olúwa, ẹni tí okòwò rẹ̀ ń já bọ́ báyìí ní Mushin, ní Òṣòdì, ní Ìdúmọ̀tà, dá a dúró kó tó kanlẹ̀.

Ìwé tí a kò ní, má jẹ́ kí ó tì wá mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí a ń ṣe níbi tí ènìyàn kò rí wa, Ìwọ tí O rí wa, rántí rẹ̀.

Ẹni tí yóò gé igi ìgbálẹ̀ tiwa fún wa, jẹ́ ká pàdé rẹ̀ lónìí. Bí àwa náà bá jẹ́ Ridley fún ẹlòmíràn, má jẹ́ kí ahun gbà wá lọ́kàn.

Dáàbò bo gbogbo ẹni tó ń gun Third Mainland Bridge láàárọ̀ yìí, àti àwọn tó wà lójú òfurufú. Jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀, lórúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.