Final nìkan ò tó: bí list inú object ṣe ń yí padà lẹ́yìn yín

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé à ń kọ ètò Java fún ẹni tó ń ra kòkó l'Ákùrẹ́ níbí, àgbẹ̀ kó àpò kòkó wá láti Ìdànrè, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n já rìsíìtì fún un. Rìsíìtì tí wọ́n ti já tán, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni tún lè fi àpò kún un mọ́, àbí?

Ẹ wo ojú skríìnì. Class Risiiti rèé, inú ẹ̀ la kọ private final List<Integer> apo sí, ìyẹn àtòjọ ìwúwo àpò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ á ní ó ti parí, ṣebí final ti wà níbẹ̀. Rárá o. Ohun tí final ń sọ ò ju pé ẹ ò lè gbé list mìíràn sípò apo, kò ní kẹ́ ẹ má kó nǹkan sínú èyí tó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó, mo ṣe list kan, mo fi 62, 64, 61 sí i, mo gbé e fún constructor, ìyẹn apá tó ń dá Risiiti tuntun sílẹ̀, àròpọ̀ jẹ́ kílò 187. Mo wá padà síbi list tó ṣì wà lọ́wọ́ mi níta, mo ní add(70), mo tún béèrè àròpọ̀ lọ́wọ́ rìsíìtì... 257! Àgbẹ̀ ò gbé àpò kankan wá o, ẹni tó máa sanwó ló máa gbọ́ ọ lára.

Collections.unmodifiableList, tó ń bo list kí ẹni tó gbà á má lè yí i, ni wọ́n sábà máa ń sá lọ bá. Ó dáa láyè ara ẹ̀, ẹni tó bá gba list yẹn tó fẹ́ add, àṣìṣe UnsupportedOperationException ló máa bá pàdé. Àmọ́ fèrèsé lásán ni, ẹni tó ni list àkọ́kọ́ ṣì lè yí i, rìsíìtì á sì yí tẹ̀ lé e.

Èmi o, List.copyOf ni mo fara mọ́, Java 10 ló gbé e dé lọ́dún 2018. Inú constructor lẹ máa kọ this.apo = List.copyOf(apo) sí, ìlà kan péré, ó ti ṣe kọ́pì tirẹ̀ nìyẹn, kódà tí getter (method tó ń fún ará ìta ní ohun tó wà nínú object) bá gbé e síta kò sẹ́ni tó máa rí i yí. Ṣùgbọ́n kì í gba null, ìyẹn àyè tí kò ní nǹkan kan nínú, o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí Java 8, ẹ fi new ArrayList ṣe kọ́pì, kẹ́ ẹ wá fi unmodifiableList bò ó.

Ẹ̀yin ọmọ FUTA tẹ́ ẹ fẹ́ràn record, ìyẹn class kúkúrú tí Java ń bá yín kọ constructor rẹ̀, record náà ò ṣe kọ́pì list fún yín, ẹ̀yin lẹ máa kọ copyOf yẹn fúnra yín.

Ó ku ọ̀kan. Integer ò ní wàhálà torí òun fúnra ẹ̀ kì í yí. Tó bá jẹ́ List<Apo> ńkọ́, tí Apo jẹ́ class tiwa, tó sì ní setter tó ń jẹ́ setIwuwo, tó ń yí ìwúwo àpò padà? copyOf ò kan inú Apo rárá, ẹnì kan lè pe get(0).setIwuwo(90) kó sì máa lọ. Ẹ yọ setter yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sọ iwuwo náà di final.