Bí a ṣe ń tú «shank» sí Yorùbá: láti ojúgun dé ìdí bíìtì

Ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la fẹ́ tú lónìí: shank. Ẹ gbé ọwọ́ lé abẹ́ orúnkún yín, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo ibi tí ọwọ́ yín gbà kọjá yẹn ni shank. Eegun iwájú rẹ̀ ni ojúgun. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ yòókù ti ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sceanca ni wọ́n ń kọ. «Sc» yẹn ń dún bí «ṣ» tiwa. Schenkel ti Jámánì bá a tan, ṣùgbọ́n itan ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má fi ti Jámánì tú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1300, leg ti wọlé láti èdè àwọn ará Scandinavia, ó sì gba ipò lọ́wọ́ shank díẹ̀díẹ̀. Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jọba láti 1272 sí 1307, ni wọ́n ń pè ní Longshanks: ẹ kọ «ẹlẹ́sẹ̀ gígùn».

Ìgbésẹ̀ kejì, irinṣẹ́, ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ ṣe rí: ó gùn, ó tọ́, ó sì so ara mọ́ ibi tó ń tẹ ilẹ̀. Shank bíìtì dírìlì, irin tí a fi ń lu ihò, ni ìdí rẹ̀ tí ẹnu dírìlì ń gbá mú, kì í ṣe ojú tó ń lu igi. Ti ìwọ̀ ẹja ni ọ̀pá tó tọ́, láti ibi tí a so okùn mọ́ títí dé ibi tó ti tẹ̀. Ti skúrù ni ibi tí kò ní eyín, lábẹ́ orí rẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ maṣíìnì ni òkè tó nípọn tí a ń tì bọnú maṣíìnì. Bí ẹ bá pe ìyẹn ní «ìdí» nítorí pé ẹ pe ti bíìtì bẹ́ẹ̀, aránṣọ lè wá a lápá ibi tó mú. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó lè gba gbogbo wọn. Ẹ sọ iṣẹ́ tí apá náà ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Lamb shank? Ẹran ẹsẹ̀ àgùntàn, kì í ṣe itan. Nínú ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà, ọ̀bẹ tí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Shanks's pony, «fífi ẹsẹ̀ rìn» ni. Ẹ má ṣe kọ ẹṣin kankan síbẹ̀.