Ìdí Tí Orin Kan Náà Fi Ń Dún Lẹ́ẹ̀mejì Nínú Ilé: Receiver àti Spíkà Aláìlówáyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ orin kan tí etí ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì la fẹ́ tú wò lónìí.

Ẹ wo pálọ̀ yìí. Receiver, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń fún un lágbára, wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń gbé spíkà ńláńlá méjì tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wáyà ló sì so wọ́n pọ̀. Ní kíṣìnì, spíkà Sonos kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn wà ní yàrá. Wi-Fi ni àwọn yẹn ń lò. Onílé fẹ́ kí orin máa dún yí ilé ká, ló bá fa wáyà láti ẹ̀yìn receiver wọ inú Sonos Port, àpótí kékeré tó ń so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ àwọn Sonos, níbi tí wọ́n kọ Line In sí, ìyẹn ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Orin dún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín pálọ̀ àti kíṣìnì. Ìlù dún "gbì" ní pálọ̀, kó tó kúrò létí yín, "gbì" mìíràn ti dáhùn láti kíṣìnì. Akọrin pe ọ̀rọ̀ tán, ó tún ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ jó kò ní mọ èyí tí ẹsẹ̀ òun máa tẹ̀ lé.

Ẹ má tíì gbé owó jáde o. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Ọ̀nà tí ohùn gbà dé ibi tó ń lọ ni kò dọ́gba.

Nínú receiver, ohùn wọlé, ẹ̀rọ fún un lágbára, ó gba inú wáyà bọ́ sí spíkà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkókò kankan. Ti spíkà aláìlówáyà kò rí bẹ́ẹ̀. Port gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohùn di nọ́ńbà, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ lórí Wi-Fi. Lójú ọ̀nà, díẹ̀ lára àwọn ègé náà lè sọnù, pàápàá bí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá kún inú afẹ́fẹ́, a sì ní láti tún wọn rán. Bí spíkà bá ń kọ gbogbo ègé jáde bí ó ṣe ń dé, orin á máa já ni. Nítorí náà ó máa ń kó díẹ̀ pamọ́ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ìkópamọ́ yẹn ló ń fa ìfàsẹ́yìn tí a ń gbọ́. Fún ohun tó bá gba Line In wọ Sonos, èyí tó kéré jù jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 75. Ẹ rántí pé mílísẹ́kọ́ǹdù 1000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí Wi-Fi ilé yín kò bá dára, ẹ lè fi kún un nínú app Sonos kí orin má baà máa já. AirPlay àkọ́kọ́ ti Apple, tó ń fi orin ránṣẹ́ láti iPhone lórí Wi-Fi, máa ń kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì pamọ́. Bluetooth sábà máa ń pẹ́ tó mílísẹ́kọ́ǹdù 100 sí 200, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Sonos tí wáyà wọ inú rẹ̀ gan-an pẹ̀lú ń dúró. Kì í sáré ju àwọn yòókù nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ohùn kọ́kọ́ dé. Gbogbo wọn ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àkókò tí wọ́n máa kọ ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣàyẹ̀wò aago láìdẹwọ́. Ó sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, torí kírísítálì kékeré tó ń ka àkókò nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò bára mu pátápátá. Bí aago ẹ̀rọ kan bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀ sí ti èkejì, mílísẹ́kọ́ǹdù 3 ni wọ́n máa fi jìnnà síra láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti di 180. Àwọn Sonos dà bí omele tó ń wo ojú ìyáàlù kó má baà ṣi ọwọ́. Receiver ni onílù tó jókòó síta, tó ń lu tirẹ̀ láìrí ìyáàlù rárá.

Kí ló dé tí 75 péré fi ń dun etí tó bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1949, Helmut Haas ṣe ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì Göttingen ní Jámánì lórí ohùn tó dún tí òmíràn sì tẹ̀ lé e. Bí èkejì bá tẹ̀ lé èkíní láàárín nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 30, etí á pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, á sì gbà pé ibi tí èkíní ti wá ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Bí ó bá ti ń lọ sí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n ti ya ara wọn nìyẹn, gbohùngbohùn ló kù. Ẹ tún fi ìrìn ohùn wò ó. Ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 nínú afẹ́fẹ́ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù kan. Ìfàsẹ́yìn 75 fi spíkà kíṣìnì sí ibi tó tó mítà 26 sí yín, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níwájú yín níbẹ̀. Etí kò lè gbà á.

Ẹ wá jẹ́ ká tún un ṣe. Fún orin, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ẹ yí wáyà padà. Ẹ má fi ohùn láti receiver ránṣẹ́ sí Sonos mọ́. Ẹ yọ wáyà kúrò ní Line In, ẹ fi sí ibi tí wọ́n kọ Line Out sí lẹ́yìn Port, ìyẹn ibi tí ohùn ń gbà jáde, kó wọ receiver níbi tí a ti ń ki ẹ̀rọ CD. Lórí app, ẹ kó Port, kíṣìnì àti yàrá pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan. Àkókò kan náà ni Port máa gbé orin jáde pẹ̀lú àwọn yòókù, iṣẹ́ receiver ò sì ju kó gba orin náà kó sọ ọ́ di ńlá. Onílù tó wà níta ti wọlé.

Díẹ̀ ṣì kù. Receiver fúnra rẹ̀ máa ń fi mílísẹ́kọ́ǹdù mélòó kan kún un bí ó bá ń ṣètò ohùn, bóyá ó ń pín in fún spíkà márùn-ún tàbí ó ń tún bí yàrá ṣe ń dún ṣe. Ẹ tẹ Direct tàbí Pure Direct lórí rìmóòtù, kó fi ohùn sílẹ̀ bí ó ṣe wá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á kéré sí 30 tí Haas sọ, etí ò ní dá a mọ̀. Ní ti bí ohùn ṣe máa ròkè tó, ẹ jẹ́ kí Line Out máa tẹ̀ lé app, kí ẹ sì fi receiver sí ibì kan tí ẹ ò ní yí mọ́. Ìka kan lórí fóònù á máa ṣàkóso gbogbo ilé.

Ẹni tó ní àwo fáínì tàbí ẹ̀rọ CD, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má kì í sẹ́yìn receiver mọ́. Inú Line In ti Port ni kó lọ. Ohùn á wọ Port, á dúró nǹkan bíi 75 yẹn, á wá jáde ní pálọ̀, ní kíṣìnì àti ní yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa mọ̀ pé ó pẹ́? Àwo kò ní àwòrán tí ẹnu akọrin ti ń mì. Ẹ̀rọ tó ń yí fáínì nílò phono preamp kó tó wọ Port, bí kò bá ní i nínú, nítorí ohùn tó ń ti orí abẹ́rẹ́ wá kò lágbára tó.

Bí receiver yín bá gba AirPlay 2, tó jáde lọ́dún 2018, tí Sonos yín náà sì gbà á, ẹ lè yan àwọn méjèèjì pọ̀ lórí iPhone láìfa wáyà kankan. Direct ṣì ni kí ẹ fi receiver sí.

Tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ tó ní egungun, nítorí àwòrán kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Eré bọ́ọ̀lù ń lọ, ẹni tó ń dín dòdò ní kíṣìnì sì fẹ́ gbọ́ alálàyé. Bí ẹ bá fi ohùn tẹlifíṣọ̀n sínú Sonos, kíṣìnì á pẹ́ ní 75 sẹ́yìn pálọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní pálọ̀ lẹ máa gbọ́ "góòlù" lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ní sùúrù tí etí ò ní. Nínú ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní BT.1359, tó jáde lọ́dún 1998, ohùn tó bá ṣáájú àwòrán ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 45 ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lẹ́yìn àwòrán lè tó nǹkan bíi 125 kí wọ́n tó mọ̀. Kò yani lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá ń la igi lókèèrè, à ń rí àáké tó balẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ. Ó ti mọ́ wa lára. Nítorí náà, ẹ lè dá receiver náà dúró ní 75! Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Lip Sync tàbí Audio Delay sí nínú mẹ́nù rẹ̀, ẹ fi sí 75. Pálọ̀ àti kíṣìnì á dọ́gba, àwòrán á sì ṣáájú díẹ̀, kò ní dí yín lọ́wọ́.

Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣubú nìyí. Bí ohùn tó ń lọ sí Sonos bá ṣì ń ti ẹ̀yìn receiver jáde, ìdádúró tí ẹ fi kún un lè bá òun náà lọ. Ẹ óò máa gbé nọ́ńbà yẹn sókè títí, àlàfo á sì wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà. Inú tẹlifíṣọ̀n gan-an ni kí ẹ ti pín in: kí HDMI ARC (ihò HDMI tó ń gbé ohùn jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n) tàbí wáyà optical (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) lọ sí receiver, kí ihò ìgbọ́ etí (headphone) lọ sí Line In ti Port. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan máa ń pa ọ̀kan tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ yẹ mẹ́nù ohùn rẹ̀ wò kí ẹ tó ra wáyà.

Wọ́n tún lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ parọ́ fún receiver nínú mẹ́nù rẹ̀ nípa bí spíkà ṣe jìnnà sí yín tó, kó lè dá gbogbo wọn dúró. Kò ní ṣiṣẹ́. Spíkà tirẹ̀ nìkan ni receiver ń fi wéra. Èyí tó jìnnà jù kì í dúró rárá, àwọn tó sún mọ́ ló ń dúró dè é. Bí ẹ bá kọ mítà 18 fún gbogbo wọn, ó dà bí ìgbà tí ẹ kọ mítà 2 fún gbogbo wọn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ nọ́ńbà tiyín gan-an? Ẹ má méfò. Ẹ wá ohùn tó kúrú tó sì mú, agogo tí a lù lẹ́ẹ̀kan dára jù, ẹ fi sórí fóònù kan kó dún láti inú receiver àti Sonos. Ẹ gbé fóònù kejì sí àárín spíkà méjì náà, kó jìnnà sí wọn bákan náà, ẹ gba ohùn sílẹ̀. Ẹ wá ṣí i nínú Audacity, app tó ń fi ohùn hàn bí àwòrán, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó níbí: òkè kan tó gùn sókè, ìlà pẹlẹbẹ díẹ̀, òkè kejì tó jọ ti àkọ́kọ́. Ẹ fi máòsì fa ìlà láti ẹsẹ̀ èkíní dé ẹsẹ̀ èkejì, gígùn rẹ̀ á hàn nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 78, 78 ni kí ẹ kọ. Bí ẹ ò bá lè gbé fóònù sí àárín gbùngbùn, ẹ máa ka mílísẹ́kọ́ǹdù 3 fún mítà kọ̀ọ̀kan tí spíkà kan fi jìnnà ju èkejì lọ, kí ẹ sì ṣe àtúnṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ spíkà kan, kí ẹ máa yí nọ́ńbà ní díẹ̀díẹ̀ títí "gbì-gbì" á fi di "gbì" kan ṣoṣo.

Ní ti Bluetooth, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa lé nọ́ńbà rẹ̀ kiri. Ìfàsẹ́yìn rẹ̀ lè yàtọ̀ bí ẹ bá pa á tí ẹ tún tàn án. Ẹ fi í sílẹ̀ fún yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń gbá géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n, kó pa àwọn yàrá yòókù kó sì dá Lip Sync padà sí òdo, torí 75 tí ojú kò kà sí, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà tiyín, ẹ wo inú mẹ́nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí ọ̀pọ̀ receiver, Lip Sync máa ń wà fún ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ihò tẹlifíṣọ̀n nìkan ni kó wà. Ihò tí Port wọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní òdo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pálọ̀ ló máa wá pẹ́ sẹ́yìn kíṣìnì.