Ó Ń Tiro, Oòrùn Sì Yọ Bá A

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Jẹ́nẹ́sísì 32:31 ni a ó dúró sí. Jákọ́bù gba ìbùkún tán, ó ń kọjá Pẹ́níẹ́lì, oòrùn yọ bá a, ó ń tiro. Ìbùkún náà ò mú títiro kúrò.

Hayley Arceneaux, ará Amẹ́ríkà, mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí jẹjẹrẹ mú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní St. Jude, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Memphis, wọ́n fún un ní kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n yọ egungun tó bàjẹ́, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó dàgbà, ó padà síbẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó fi ọjọ́ 3 yí ayé po lókè nínú ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ SpaceX, tòun ti irin ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, irin fẹ́ ìtọ́jú. Ọmọ ń ga, irin kì í ga. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó ṣeé fà gùn. Bí ojú iṣẹ́ abẹ bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o. Ẹ má gbé àgbo kaná. Doxorubicin, oògùn kímò tó lé jẹjẹrẹ lọ, lè sọ ọkàn di aláìlera lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Cisplatin, kímò mìíràn, lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé tó kọ iye oògùn tí ọmọ gbà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ fojú rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o.

Ẹ dìde, ká gbàdúrà.

Bàbá, ọmọ tí ìrora orúnkún ò jẹ́ kó sùn mọ́jú, jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ tètè gbé e lọ ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á.

Ọmọ tí kímò ń mú bì láàárọ̀ yìí, Olúwa, gbá a mọ́ra.

Owó ìtọ́jú ò ní tán lágbede méjì. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ò ní gbọ̀n. Irin ò ní yẹ̀, kòkòrò ò ní ba lé e!

Jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ nínú egungun, o ò gbọdọ̀ yọjú nínú ẹ̀dọ̀fóró! Bó o bá sá pamọ́ síbẹ̀, kí àwòrán tú ọ fó! Kí iná Olúwa jó ọ! Kí o kú, kí o má jí!

Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, Bàbá, kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá má dá egbò sí i lára, kí ẹnu ẹlẹ́yà má dá egbò sí i lọ́kàn.

Olúwa, jẹ́ kí wọ́n tiro wọ kíláàsì. Kí wọ́n tiro wọ ibi iṣẹ́. Kí wọ́n tiro jó níbi ìgbéyàwó ara wọn, kí wọ́n tiro gbé ọmọ tiwọn pọ̀n, kí oòrùn máa yọ bá wọn. Lórúkọ Jésù.

Àmín. Àmín. Àṣẹ.