Pa Ilẹ̀kùn Dé: Ọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ fún Ilé Tí Gbèsè Wọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹni tó jí láàárọ̀ yìí tó jẹ́ pé fóònù ló kọ́kọ́ nawọ́ mú, tó sì dojú ẹ̀ dé padà nítorí nọ́ńbà tó rí níbẹ̀, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Má tíì dìde. Jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tí ìyàwó ẹ tàbí ọkọ ẹ bá wà nítòsí, jí i, torí ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ibi kíkà wa ni 2 Àwọn Ọba orí 4, ẹsẹ 1 dé 7. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ìtàn opó àti òróró, a ti fi gbàdúrà títí, "òróró mi ò ní gbẹ", gbogbo ìjọ á pariwo àmín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ẹsẹ àkọ́kọ́ ná. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn wòlíì ni ọkọ obìnrin yìí. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ pé ó bẹ̀rù Olúwa, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu ìyàwó lèèyàn ti ń gbọ́ òótọ́ nípa ọkùnrin. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì tún kú sínú gbèsè. Bíbélì ò sọ ohun tó fowó náà ṣe, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ oúnjẹ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìka tọ́ ẹni tó jẹ gbèsè pé wọ̀bìà ni, pàápàá nílùú wa níbí. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ní kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, epo bẹntiró tí a ń rà ní nǹkan bíi 200 náírà fò dé nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó yá ó lé ní 1,000. Ní 2024 ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000, ẹ bi ẹni tó lọ sọ́jà lọ́dún yẹn bóyá 70,000 ra odidi àpò ìrẹsì kan. Ẹlòmíì ò jayé o, ó kàn ń jẹun ni.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí olówó wá kó nílé opó yìí. Kò wá kó àga, kò wá kó aṣọ. Ọmọ ẹ̀ méjèèjì ló fẹ́ kó lọ. Àwa Yorùbá mọ nǹkan yìí dáadáa, ìwọ̀fà la pè é láyé àwọn baba ńlá wa. Bàbá á yáwó, ọmọ á lọ máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ yẹn kì í sì í dín owó kù rárá, èlé niṣẹ́ náà, ojú owó á ṣì wà níbẹ̀ digbí títí bàbá á fi rí i san.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi ọmọ mi ṣe ìwọ̀fà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àárọ̀ Sátidé kan ni, obìnrin tí mo rajà àwìn lọ́wọ́ ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Mò ń fọ ẹnu lọ́wọ́. Mo sá sẹ́yìn kọ́tìnnì kíṣìnnì, fóòmù ọṣẹ ìfọyín kún ẹnu mi, mi ò lè tu ú, torí tí mo bá tu ú ó máa gbọ́. Mo wá fi ọwọ́ júwe fún ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, pé kó sọ pé mi ò sí. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí obìnrin náà dáadáa, ó ní, "Dádì mi ò sí nílé mà, wọ́n lọ fíjìlì, wọn ò tíì dé." Èmi ò kọ́ ọ ní fíjìlì yẹn o! Òun ló fi kún un. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọmọ wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Mi ò lè dáhùn, ẹnu mi ṣì kún.

Ẹ̀yin ará, ibi tí gbèsè ti ń kó ọmọ lọ nìyẹn. Kì í dúró dìgbà tí olówó bá mú okùn wá.

Wòlíì Èlíṣà bi opó yìí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá má bi í, àwa ì bá dá owó fún un tàbí ká ní kó lọ gbààwẹ̀. Èlíṣà ní, kí lo ní nínú ilé? Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé kó wọlé, kóun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí ló mú mi. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe pé gbèsè pọ̀, ó jẹ́ pé ọkọ ní tiẹ̀ lápò, ìyàwó ní tiẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn jókòó sọ fún ẹnì kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, táwọn ọmọ ti sùn, iná ò sí, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sórí ẹní. Mo mú ìwé ẹsasáìsì ọmọ kan tó ṣẹ́kù ojú ewé díẹ̀, mo ní, ìyá àwọn ọmọ, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́ má pariwo. Mo kọ tèmi: ọjà àwìn 180,000, ápù lóònù méjì, 95,000, bọ̀dá mi 60,000. Mo rò pé á sunkún. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi láì sọ nǹkan kan, ó kọ tiẹ̀ sísàlẹ̀: gbọ́mú-lé-lántà, owó tí àwọn obìnrin jọ ń yá lẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 120,000, àjọ tó ti kó tó ṣì ń dá lọ 45,000, ẹni tó ń ta ata àti oúnjẹ àwìn fún un 12,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 512,000 náírà. Òun ò mọ̀ nípa ápù. Èmi ò mọ̀ nípa gbọ́mú-lé-lántà, mo kàn ń rí i pé gbogbo ọjọ́ Túsìdeè ló máa ń jáde ní kùtù hàì, tí ojú ẹ̀ á le. A wo ara wa, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó di ẹkún.

Olúwa, ẹni tó ní ohun tó fi pamọ́ fún ẹnì kejì nínú ilé yìí, fún un ní ẹnu láti sọ ọ́ lónìí, kó o sì fún ẹni tó máa gbọ́ ọ ní ọkàn tí kò ní fi ṣe ohun ìjà lọ́jọ́ ìbínú. Àmín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ápù yìí díẹ̀, torí ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo yá 40,000, 34,000 ló wọlé sí àkáǹtì mi, wọ́n ti yọ tiwọn, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dá 46,000 padà. Ẹ ṣírò ẹ̀, 12,000 lórí 34,000 láàárín ọjọ́ 14! Mo lọ yá ti ìkejì fi san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mi ò rí san, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sáwọn èèyàn inú fóònù mi, pásítọ̀ wa gba tiẹ̀, fọ́kanáísà gba tiẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti ń lé irú wọn kiri láti 2022, wọ́n ti gbé òfin jáde fún wọn, síbẹ̀ àwọn kan ò jáwọ́. Àwọn baba wa ní ológò, ẹni tí olówó máa rán wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ tó bá rí lágbàlá jẹ. Ológò ayé ìsinsìnyí ò nílò ẹnu ọ̀nà mọ́, inú fóònù ẹ ló ń jókòó sí.

Nítorí náà, àwọn yẹn la kọ́kọ́ san, kì í ṣe torí pé àwọn ló pariwo jù, torí èlé wọn ló ń gùn jù ni. Lẹ́yìn wọn, gbọ́mú-lé-lántà, torí ibẹ̀ tí ẹnì kan ò bá rówó mú wá, wọn kì í jẹ́ káwọn yòókù lọ sọ́jà, ìyàwó mi ti fara gba èébú obìnrin mẹ́wàá níbẹ̀. Ti bọ̀dá mi, mo gbé ara mi lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bọ̀dá, mi ò lè san án lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n máa mú 5,000 wá ní gbogbo ìparí oṣù. Wọ́n bú mi dáadáa, mo ṣáà dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbà. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje, èmi fẹ́ kí ọ̀nà yẹn ṣí.

Kí la ní nínú ilé? Fírísà kejì wà níbẹ̀ tí a ti sọ di kọ́bọ́ọ̀dù, a kó àwọn ìwé àti bàtà sínú ẹ̀. A tà á. Máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn, a gbé e jáde, a tún bẹ́líìtì ẹ̀ ṣe, nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé ó ran yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ àdúgbò títí ọrùn fi ń dùn ún. Ẹ kíyè sí i o, ìkòkò òfìfo ni Èlíṣà ní kí opó lọ yá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kò ní kó lọ yá owó. Àwa náà bá ilé mẹ́ta ládùúgbò sọ̀rọ̀, a jọ ń dáwó ra àpò ìrẹsì kan, a fi kóńgò wọ̀n ọ́n pín, ó sàn ju ká máa ra dérìcà dérìcà lọ. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́ nínú kúlà, àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yá, àwọn náà gbé tiwọn wá.

Ibi tó le jù ni aṣọ ẹbí. Ìyá ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kú, ankara pẹ̀lú gèlè jẹ́ 35,000. Ṣe bóo ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, gbogbo wa la máa ń pa òwe yẹn, ẹ dúró dìgbà tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ wọ aṣọ kan náà! Kò gbà á. Ó mú 5,000 lọ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé, ó bá wọn fọ abọ́ di òru, lọ́jọ́ náà ó wọ léèsì ìgbéyàwó wa, ó jókòó sẹ́yìn kánópì. Ìrẹsì náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó tiẹ̀ ní ẹran méjì ni wọ́n fún òun.

Ẹ wo ẹsẹ 7 báyìí. Òróró ti kún, obìnrin yìí ò dá a ná, ó kọ́kọ́ padà lọ béèrè. Wòlíì ní, lọ ta òróró náà, san gbèsè ẹ, kí ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ wá jẹ ìyókù. Gbèsè ṣáájú, jíjẹ tẹ̀ lé e. Èlíṣà ò sì ní kó mú ìkòkò kan wá fún òun. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí èyí, àmọ́ màá sọ ọ́, ẹni tó jẹ ìyá aláta ní gbèsè kó má dìde jẹ́jẹ̀ẹ́ 50,000 níbi ìkórè kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un. Owó ìyá aláta ló fẹ́ fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ yẹn, ìyá aláta náà lọ́mọ nílé.

Ó gbà wá ní ọdún kan àti oṣù méje. Obìnrin ọjà àwìn yẹn ni mo san tiẹ̀ kẹ́yìn, mo sì mú ọmọbìnrin mi dání lọ. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òǹtẹ̀ sí ìwé, mo wá ní mà, ẹ dákun, ọjọ́ Sátidé ọjọ́un, mi ò lọ fíjìlì, inú kíṣìnnì ni mo wà. Ó wo ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, a dúpẹ́ tí o jí wa. Àwa tí a ń sá fún èèyàn, a ò sá fún ọ láàárọ̀ yìí, bí a ṣe wà la wá.

Baba, gbogbo irọ́ tí a ti fi sẹ́nu àwọn ọmọ wa nítorí owó, dárí ẹ̀ jì wá, kó o sì bá wa fọ ẹnu àwọn ọmọ náà. Àmín.

Ọlọ́run Èlíṣà, la ojú wa sí ohun tó wà nínú ilé wa tí a ti gbàgbé, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èèyàn tó ṣe é bá sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó tó san gbèsè, kó sì ṣẹ́kù tí a máa jẹ. Àmín.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀gá ò sanwó fún, Olúwa, bá wọn béèrè owó wọn. Àwọn tí a jẹ lówó náà, Baba, ọjà wọn ni a ń dá dúró, ilé wọn ni a ń dá lóró, fún wọn ní sùúrù, má jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí tiwa. Àmín.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti gbé ìpè àárọ̀ yìí, fún un ní ìgboyà láti sọ pé "hẹ́lò, èmi ni, mo wà nílé". Lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ fọ ẹnu yín.