Pijó, Míṣẹ́lìn, Bẹ́ńsì: báwo làwọn tó ni orúkọ ṣe ń pè é gan-an?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Orúkọ tá à ń rí lára mọ́tò, táyà àti báàgì la fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ ìdílé ẹnì kan ni.

Àwa tá a wà ní Àgbádárìgì ńbí ò tiẹ̀ yẹ ká jìyà ẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ ò jìnnà, gbogbo ìgbà là ń gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ń ti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu bọ̀. Ẹ mú Peugeot, 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 yẹn, àwa ń pè é ní Pijó. Ẹ ká ètè bíi ẹni tó fẹ́ súfèé, ẹ má tú u ká o, kẹ́ ẹ wá sọ pé "pé". Ohùn tó jáde yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ, "jo" á wá tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́, t tó wà nídìí ẹ ò ní dún. Renault náà, "Rẹnó" lásán ni, l àti t dákẹ́.

Ó yá, ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kan lọ́dọ̀ fọganáísà, Michelin, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, André àti Édouard Michelin, ló dá a sílẹ̀ ní Clermont-Ferrand, nílẹ̀ Faransé, ní 1889. "Míṣẹ́lìn" tá à ń pè yẹn, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gbọ́ ọ. "Mi-ṣi-lẹn" làwọn tó ni í ń pè é, ẹn ti "ìyẹn" gan-an, tó ń gba imú jáde, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí "ṣi" yẹn pẹ́ lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ẹn yẹn, àwa ní in, a wá ń lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tí ò ní! Bẹ́ẹ̀ náà ni Louis Vuitton tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Paris ní 1854, "Lúì", kò sí s níbẹ̀, Vuitton sì parí sí ọn bíi ti "ìbọn".

Jámánì ńkọ́? Porsche, ẹ má gé e kúrú, "Pọ́ṣẹ̀" ni, ẹ kàn rọra fi ẹ yẹn sílẹ̀. Ti Karl Benz, tó gbàwé àṣẹ fún mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ ní 1886, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, z lẹ́nu wọn, "ts" ni, ìyẹn ni pé ìyá àgbà tó ń pè é ní Bẹ́ńsì sún mọ́ ọn ju àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fa "zzz" yẹn lọ.

Ti Japan ò le, fáwẹ́lì ló sábà máa ń parí sílébù wọn bíi tiwa. Yamaha tó wà ní ìdí ọkọ̀ ojú omi wa yẹn, Torakusu Yamaha ló ni orúkọ, dùùrù ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1887, ẹ kà á bẹ́ ẹ ṣe rí i. Suzuki nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu tá a fi ń pè é ní Súsúkì, ẹ bẹ aládùúgbò yín tó jẹ́ Ẹ̀gùn kó pè é fún yín, z wà nínú èdè tiwọn.